Awò ìbọn oníná tó ti pẹ́: kí ló ń ṣe é, èló ló sì yẹ kí ẹ san?

Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ni Bàbá Tíṣà fi wé e. Wọ́n wọkọ̀ láti Ìgbàjà wá sí Ìlọrin láàárọ̀ Sátidé, wọ́n jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀nà Táíwò, wọ́n sì ń fa awò ìbọn náà, awò gígùn tí a ń gbé sórí ìbọn láti fi dójú sọ nǹkan, yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ tuntun. Ọmọ wọn tó wà nílùú Ọba ló fi ránṣẹ́ sí wọn, ó ti lé ní ọdún 15. Orí ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń lé ẹ̀gà lóko bàbà ni wọ́n gbé e sí.

"Ọmọ mi, iná inú ẹ̀ ti kú. Ẹnì kan ti bá mi wò ó, ó ní ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì lòun máa gbà."

Mo ní owó ẹyọ náírà kan tí mi ò fi ra nǹkan kan láyé mi. Ìdérí bátìrì ni mo fi ń ṣí, torí ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ojú rẹ̀, kì í sì í ha á bíi sukudiráfà. Mo fi ṣí ti Bàbá. Bátìrì wà níbẹ̀, tuntun ni pàápàá, àmọ́ ẹni tó fi sí i dojú ẹ̀ bolẹ̀. Mo yí i padà, mo dé e, mo tan án. Ìlà pupa tí a fi ń dójú sọ nǹkan yọ nínú rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní: "Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì yẹn ńkọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní awò bàjẹ́ kọ́kọ́ bi nìyẹn. Àwọn èèyàn kì í bi í. "Èló?" ni wọ́n máa ń bi mí látẹnu ọ̀nà, nígbà tí mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan. Ta ló lè mọ owó oògùn àìsàn tí kò tíì mọ̀? Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá dá iye lé e kó tó wò ó, iye owó tó rò pé ó wà lápò yín ló ń sọ.

Iṣẹ́ aago ni mo kọ́ lọ́wọ́ bàbá mi ní Pàkátà. Nígbà tí fóònù dé, tí aago ọwọ́ di ohun oge lásán, mo bọ́ sídìí kámẹ́rà, láti ibẹ̀ mo dé ìdí awò jíjìn, awò àwọn tó ń wọn ilẹ̀, àti awò ìbọn. Awò ìbọn kì í pọ̀, bóyá mẹ́wàá, bóyá méjìlá lọ́dún. Nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́fà ni kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ mi rárá, torí olówó ẹ̀ lè tún un ṣe nílé. Èmi ni mò ń ba ọjà ara mi jẹ́ yìí, mo mọ̀.

Kí n tó gbàgbé, awò nìkan ni kí ẹ máa gbé wá. Mi ò gba ìbọn wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ìbáà jẹ́ ìbọn afẹ́fẹ́. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń rò pé ohun ìṣeré ni.

Ó dáa. Awò ìbọn oníná, nǹkan méjì tó ń gbé ilé kan náà ni: ojú kan, iná kan. Ojú ni dígí ńlá tó wà níwájú, ọ̀pá kékeré tó wà láàárín tó ń yí àwòrán padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ (torí dígí iwájú máa ń dorí ohun gbogbo kodò), ìlà ìfojúsùn, àti dígí tí a ń fojú sí lẹ́yìn. Iná ni bátìrì, nọ́ọ̀bù tí a fi ń mú un mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn, wáyà kan tó tín-ín-rín bí irun, àti LED, iná wínníwínní kan tí kò tó hóró bàbà. LED yìí kò tàn síta. Etí dígí tí wọ́n fín ìlà sí ló ń tàn sí, ojú fínfín yẹn nìkan ló ń gba ìmọ́lẹ̀, ìyókù á ṣókùnkùn. Torí náà, iná yìí kì í jẹ́ kí ẹ rí ẹran. Ìlà ló ń jẹ́ kí ẹ rí nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí ìlà dúdú bá bọ́ sára ẹran dúdú. Mo ti rí ẹni tó bínú sí awò rẹ̀ pé iná rẹ̀ kò tàn dé ìdí igi. Mo ní kó lọ ra tọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àpò yín ni pé iná lè kú kí ojú má ṣe é ní nǹkan kan, ojú náà sì lè fọ́ kí iná máa tàn. Owó méjèèjì ò papọ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ san owó ojú nítorí iná, ẹ ní kó ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ilé. Bátìrì ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ awò ló ń lo CR2032, irú kan náà tó wà nínú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò àti lára bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà. Orúkọ yẹn ni ìwọ̀n rẹ̀: 20 mìlímítà ní fífẹ̀, 3.2 ní nínípọn. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ ìdérí tàbí sínú ìwé rẹ̀ kí ẹ tó rà á, torí CR2025 fẹ̀ tó o ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ó lè má kan irin dáadáa. Nínú awò tí mo ti rí, ojú tó ní àmì ìròpọ̀ ló máa ń kọjú síta, sí ìdérí. Èyí tí wọ́n bá ṣe sí òdìkejì, wọ́n á yàwòrán rẹ̀ sí i.

Má fi mítà tí a fi ń wọn iná nìkan dán bátìrì wò. Bátìrì tó ti gbó lè fi fólítì 3 hàn lójú mítà, kó sì ṣubú lulẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: mo yọ LED pupa kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì látara ohun ìṣeré ọmọdé tó bàjẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì. Mo fi ẹsẹ̀ gígùn kan ojú tó ní àmì ìròpọ̀, mo fi kúkúrú kan ẹ̀yìn, bíi kí èèyàn fi ẹsẹ̀ méjèèjì gun bátìrì lẹ́ṣin. Bí ó bá tàn yòò, bátìrì dáa. Bí ó bá ń tàn bí ojú ẹni tó fẹ́ sùn, ẹ jù ú nù. Bátìrì gidi ò ju ₦1,500 lọ níbi tí mo ti ń rà á. Ti ₦300 tún wà, mi ò ní bá yín jà.

Tí bátìrì bá dáa tí iná ò tàn, ẹ wo irin tó ń kan bátìrì. Awò tó ti pẹ́ gan-an lè máa lo LR44, bátìrì kékeré bíi bọ́tìnnì. Ìyẹn máa ń ṣomi. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé tó gan bí iyọ̀ sí ìdí ibẹ̀, ohun tó pa iná yín nìyẹn. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìdérí ìgò, ẹ ki igi òwú tí a fi ń nu etí bọ̀ ọ́, ẹ fún un kó má kán, kí ẹ wá nu ibẹ̀. Á hó díẹ̀. Kíkan tó wà nínú ọsàn ló ń bá omi bátìrì yẹn jà. Lẹ́yìn náà ẹ fi sípírítì nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ tó wákàtí kan. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ṣú lásán, írésà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ti tó, ẹ fi para rẹ̀ títí á fi dán. Ẹ má lo sáńpépà láéláé. Irin yẹn ní ìbora tó fẹ́lẹ́ lórí, ọjọ́ tí ẹ bá ha á kúrò ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà gidi.

Ìdérí ńkọ́? Àwọn kan ní sípíríǹgì kékeré lábẹ́ tó ń ti bátìrì. Bí ó bá ti rẹlẹ̀, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ fà á sókè díẹ̀. Ẹ rí òrùka rọ́bà tó wà níbẹ̀? Kó má gbẹ, kó má já, torí òun ni kì í jẹ́ kí òjò wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ bátìrì, ẹ yí nọ́ọ̀bù iná lọ sókè sódò ní bí ìgbà 30. Ìdọ̀tí tó wà láàárín irin súìṣì máa ń tipa bẹ́ẹ̀ kúrò fúnra rẹ̀. Mo ti fi ọgbọ́n yìí nìkan jí awò mẹ́ta, mi ò sì gbowó, torí ojú tì mí láti gbà á.

Nígbà tí ẹ bá dá bátìrì padà, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ fi aṣọ bo dígí iwájú, ẹ tan iná dé òpin, ẹ fojú sí i. Ibi tí ọ̀nà ti pín nìyí. Bí kò bá tàn rárá, súìṣì, wáyà tàbí LED ló kù tí a máa wò. Bí ó bá ń tàn tó ń kú nígbà tí ẹ bá fìka gbá a jẹ́jẹ́, ó dájú pé nǹkan kan ò kanra dáadáa, ìyẹn sì dín owó kù. Bí gbogbo inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹ̀yinná dípò kí ìlà nìkan pọ́n, iná ò ní wàhálà. Ìmọ́lẹ̀ ń ta lu ohun kan nínú, eruku tàbí àwọ̀ dúdú tó ti bó. Ẹ lè máa lò ó bẹ́ẹ̀, kí ẹ kàn rẹ iná sílẹ̀.

Ẹlòmíì á ní kì í ṣe iná nìkan, ọta ò lọ síbi tí òun dójú sọ mọ́. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ́ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹ wo òrùka irin tó di awò mọ́ ìbọn. Ẹ dì í mú, ẹ gbìyànjú àtimì í. Tí síkúrù ibẹ̀ bá ti tú, kò sí awò tó máa jókòó sójú kan. Ọkùnrin kan láti Òmù-Àrán ti fẹ́ ju awò tó dáa nù nítorí síkúrù méjì.

Bí ìsàlẹ̀ bá dúró, a ní ọ̀nà kan tí a fi ń dán ojú wò láìyin ìbọn. Ẹ yọ awò kúrò lórí ìbọn. Ẹ wá páálí, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ìndómì, ẹ fọ̀bẹ gé ẹnu V sí ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọra, kí awò lè sùn sínú rẹ̀. Ẹ kó òkúta sínú páálí kó má mì. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kó dojú kọ ògiri tó jìnnà tó 20 mítà, kí ẹ ti fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì sára ògiri náà. Ẹ jẹ́ kí ìlà wà lójú àmì gan-an. Ẹ wá fọwọ́ kan di awò mú, ẹ fi èkejì yí nọ́ọ̀bù òkè (èyí tó ń sún ìlà, kì í ṣe ti iná) ní ìgbà 40, kí ẹ máa ka bó ṣe ń ké kẹ́, kẹ́, kẹ́. Tí wọ́n bá kọ 1/4 MOA (ìwọ̀n bí ìlà ṣe ń sún ní kẹ́ kọ̀ọ̀kan) sí i lára, ó yẹ kí ìlà sún ní nǹkan bíi 58 mìlímítà lára ògiri, ìyẹn bíi fífẹ̀ ìka mẹ́ta. Ẹ dá a padà ní ìgbà 40, ó gbọ́dọ̀ bọ́ sójú àmì padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ náà. Èyí tí ìlà rẹ̀ bá dúró sójú kan, tó wá fò lójijì, tàbí tó lọ tí kò padà dé ilé, ọ̀pá inú rẹ̀ tàbí sípíríǹgì tó ń tì í ti bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ awò olówó pọ́ọ́kú, ẹ má náwó iná sí i mọ́.

Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì ló sábà máa ń ṣe èyí. Ìbọn onétù máa ń ta sẹ́yìn nìkan. Ti onísípíríǹgì á ta sẹ́yìn, nígbà tí pístìn rẹ̀ bá sì dé òpin, á tún ta síwájú. Awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn onétù ti múra sílẹ̀ de àkọ́kọ́. Ti èkejì yẹn máa ń bá a lójijì. Dígí á tú, wáyà iná á já. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó wà fún ìbọn afẹ́fẹ́.

Ní báyìí, owó. Ohun tí èmi ń gbà bí mo ṣe ń kọ èyí nìyí, ẹlòmíì lè gbà jù bẹ́ẹ̀ tàbí kó dín. Mò ń gba ₦2,000 láti wò ó, mo sì ń yọ ọ́ kúrò tí iṣẹ́ bá wáyé. Nínu ojú bátìrì pẹ̀lú bátìrì tuntun jẹ́ ₦5,000. Bí ìdérí bá ti sọnù, tí ilé-iṣẹ́ ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́, mò ń gbé e lọ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin kó gbẹ́ òmíràn láti ara álúmíníọ̀mù. Òun ń gba ₦8,000, èmi ń fi ₦4,000 lé e. Súìṣì tàbí wáyà tó wà nínú ilé nọ́ọ̀bù, tí kò béèrè pé kí n dé ibi tí dígí wà, ₦15,000 sí ₦20,000. LED tó wà nídìí ìlà gan-an, èyí tó jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ tú ẹ̀yìn awò kí n tó dé ibẹ̀, ₦35,000 sókè.

Ẹ ò rí nǹkan bí? Iye tí wọ́n pè fún Bàbá Tíṣà kì í ṣe irọ́. Owó iṣẹ́ kan tó wà ni. LED yẹn fúnra rẹ̀ kò tó ₦500. Ìyókù ni ọjọ́ kan àbọ̀ tí èèyàn máa fi tẹ̀ ba lórí tábìlì, ewu tó wà níbẹ̀, àti dídí i padà. Ibi tí irọ́ wà ni pé awò wọn ò nílò iṣẹ́ yẹn. Torí náà kí ẹ tó san irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí oníṣẹ́ fi bátìrì tó dáa dán an wò lójú yín, kó fi mítà hàn yín pé iná dé súìṣì, pé kò kọjá ibẹ̀ tàbí pé ó kọjá. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi hàn yín tayọ̀tayọ̀. Inú wa máa ń dùn tí ẹnì kan bá fẹ́ wò.

Ẹ bi í pẹ̀lú pé, "Tó bá bàjẹ́ sí i lọ́wọ́ yín ńkọ́?" Ojú mi ti rí i. Lọ́dún 2017, mo fa ẹ̀yìn awò oníbàárà kan tó wá láti Ọ̀ffà yọ, mi ò rántí pé wáyà iná gba ibẹ̀ kọjá. Mo gbọ́ ìró kan, tín, bí ìgbà tí okùn gòjé já. Ìdí LED gan-an ló ti já, ibi tí áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lẹ wáyà ò lè wọ̀. Òru mẹ́ta ni mo fi ń gbìyànjú. Nígbà tó yá mo ra òmíràn fún un, ₦18,000 nígbà náà, ìyàwó mi ò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Láti ìgbà náà, kí n tó tú ohunkóhun mo máa ń sọ fún oníbàárà pé ó lè kú sí mi lọ́wọ́, mo sì máa ń kọ ohun tí a jọ fẹnu kò sí lórí risíìtì. Ẹni tó bá ní kò sí ewu níbẹ̀, ẹ gba awò yín lọ́wọ́ ẹ̀.

Ewu kejì ò hàn lójú ẹsẹ̀. Inú awò tó dáa kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán ló wà níbẹ̀. Nílé-iṣẹ́, wọ́n máa ń fi náítírójìn tàbí ágọ́ọ̀nù tó gbẹ kún un, wọ́n á fi òrùka rọ́bà dí i, kí ọ̀rinrin má bàa wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá tú u lóṣù kẹjọ, tí afẹ́fẹ́ Ìlọrin tutù bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, tó sì dí i padà bẹ́ẹ̀, òjò ló dí mọ́nú. Àárọ̀ tí òtútù bá kọ́kọ́ mú, dígí á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn láti inú, ẹ ó máa nù ún níta lásán.

Èmi ò ní gáàsì náítírójìn. Ọyẹ́ ni mò ń dúró dè. Awò tó bá gba títú, mo máa ń sọ fún olówó ẹ̀ pé kó gbé e wá ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, nígbà tí ètè ń bẹ́, tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ táútáú. Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Òótọ́ ni. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gé ihò ọwọ́ méjì sára àpótí ike kan tó mọ́ gaara, mo so ìbọ̀wọ́ rọ́bà mọ́ ihò náà, inú rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń kó àpò kékeré tó ń gbẹ omi, èyí tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà, sínú àpótí náà mọ́jú kí n tó bẹ̀rẹ̀. Kò tó ti ilé-iṣẹ́, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mẹ́rin tí mo ti ṣe báyìí, ẹyọ kan péré ló padà wá làágùn.

Dígí tó ti bu ńkọ́, bí búrẹ́dì ṣe ń bu? Ẹ ó rí i bí òwú aláǹtakùn nígbà tí ẹ bá gbé e sójú iná tí ẹ yọjú wo inú rẹ̀ láti iwájú. Inú àpò awọ ló ti ń mú un, awọ máa ń gba omi mọ́ra. Tó bá jẹ́ níta, sípírítì díẹ̀ lára aṣọ rírọ̀ á gbé e kúrò. Tó bá ti wọnú, títú ni, ₦30,000 ni mò ń gbà, mi ò sì ṣèlérí pé ojú á mọ́ bíi tàtijọ́, torí nǹkan yẹn máa ń jẹ ìbora dígí. Ibi tó bá ti jẹ, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn.

Bí awò yín bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ńlá, Leupold ti Amẹ́ríkà, Zeiss ti Jámánì, Swarovski ti Austria, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó jẹ́ kí èmi tàbí ẹlòmíì tú u. Tí ọwọ́ ará ìta bá ti wọ inú rẹ̀, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, fọ́tò, àti gbólóhùn kan lórí ohun tó ń ṣe. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé ìlérí yín láti tún un ṣe (wáráńtì) ṣì dúró lórí dígí, ṣé ó sì dúró lórí iná? Ìdáhùn lè yàtọ̀ síra, torí àwọn kan ń dúró ti dígí títí ayé, àmọ́ wọ́n ń fún iná ní ọdún mélòó kan. Ẹ tún rántí pé Amẹ́ríkà ní òfin lórí kíkó awò ìbọn jáde nílùú wọn, èyí tó lọ síbẹ̀ fún àtúnṣe lè nílò ìwé kó tó padà wá. Oníbàárà kan ní kí n bá òun béèrè owó fífi í ránṣẹ́ lọ àti bọ̀, ohun tí wọ́n pè fún wa lé ní ₦150,000, láì tíì ka ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Awò tirẹ̀ tuntun ò tó ₦90,000. Ó gbé e padà sínú àpò.

Ìkìlọ̀ kan tí ò gùn: bí awò bá ń tàn láìní bátìrì, tí wọ́n sì kọ H3 sí i lára tàbí tí ó ní àmì ìtànṣán olóró, ẹ má tú u, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Tírítíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, gáàsì onítànṣán tó ń mú kó tàn láìní bátìrì. Agbára rẹ̀ máa ń dín sí ìdajì láàárín bí ọdún 12, torí náà èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2000 kò ju ìdámẹ́rin lọ mọ́. Kò bàjẹ́, ó gbó ni. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló lè pààrọ̀ rẹ̀.

Àtúnṣe tí owó rẹ̀ kéré jù kò kan èmi rárá. Ṣé alẹ́ ni ẹ máa ń lò ó? Bàbá Tíṣà ò lò ó lálẹ́ rí. Ẹ̀gà kì í jẹ bàbà lálẹ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ìlà dúdú tí wọ́n fín sára dígí wà níbẹ̀ gbangba, iná tàn, iná kú. Ọ̀pọ̀ awò oníná ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé tiyín síta lọ́sàn-án, ẹ pa iná rẹ̀. Bí ẹ bá ń rí ìlà kedere, ẹ ti mọ̀ pé ẹ lè dúró di ọyẹ́, ẹ lè dúró di ọdún tí ń bọ̀, ẹ sì lè máà tún un ṣe láéláé. Èyí tó jẹ́ pé tí iná bá kú ìlà náà á pòórá, ìyẹn nìkan ni kò ṣeé fi sílẹ̀.

Mo sọ èyí fún Bàbá. Wọ́n ní àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn ló rà á, àwọn fẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn náà dáa. Mo ní kí wọ́n máa yọ bátìrì tí ìkórè bá ti parí, kí wọ́n má fi pamọ́ sínú awọ, kí ìbọ̀sẹ̀ yẹn máa bá a lọ, àmọ́ kó wà nínú ike tó ní ìdérí, pẹ̀lú àpò agbẹmi méjì.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí bàbà ń yọ orí, wọ́n pè mí: ojú wo ló ń kọjú síta? Ọdún kejì, wọ́n tún pè. Nígbà tí wọ́n tún wá sí Ìlọrin, mo gba awò náà lọ́wọ́ wọn, mo mú mákà dúdú, mo fa àmì ìròpọ̀ ńlá kan sí ẹ̀yìn ìdérí bátìrì. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n tún un fi sójú, wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Èló nìyẹn?"

Mo ní ₦2,000, owó wíwò. Wọ́n san án.